Àmì Ìbéèrè Nínú Àká Ọ̀rọ̀

Fún ọdún méje gbáko ni olùkọ́ èdè Yorùbá kan fi ń kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ jọ sínú ìwé ìkọ̀wé. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni bá ń lọ fún ìsinmi, a rán wọn sí àwọn àgbà: àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn aláró. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń kọ bọ̀, tàmì-tàmì, nítorí pé obìnrin náà kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn lórí.

Ní ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí fi èdè C# kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún un. Inú MySQL ni àwọn ọ̀rọ̀ náà yóò máa gbé, lórí kọ̀ǹpútà kan ní igun ọ́fíìsì, kí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lè jọ máa lò wọ́n.

Irú ètò báyìí kò lè dá mọ ibi tí àká rẹ̀ wà. Ènìyàn ni yóò sọ fún un. Ìlà kan ṣoṣo ni a fi ń sọ ọ́: àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí àká wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà ojú ọ̀nà tí a óò gbà wọlé (3306 ni ti MySQL bí a kò bá yí i padà), orúkọ àká, orúkọ ẹni tí ń wọlé, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àti irú ìlànà lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ yóò fi máa lọ tí yóò fi máa bọ̀. Àárín ètò gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ìlà yìí sí. Ohun tí ó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni kò kọ rárá. Ó fi òwú, òfì àti bàtà dán an wò. Wọ́n wọlé, wọ́n sì jáde bí wọ́n ti rí. “Ó ti parí, mà,” ni ó wí. Kò pẹ́ tí ó fi lọ sí òkè òkun.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní gbogbo ìsinmi ọdún náà. Kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n jáde láti kà wọ́n, a kó ọ́fíìsì náà lọ sí ilé mìíràn. Páálí ìwé ìkọ̀wé méjì sọnù lójú ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà àká gba àdírẹ́sì tuntun, ètò náà sì ń wá a ní ilé àtijọ́, kò rí i, kò ṣí. Ìlà kan péré ni ó yẹ kí a yí, ṣùgbọ́n inú ètò tí a ti dì pa ni ó wà, kò sì sí ẹni tí ó ní ojúlówó àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ kan ni ó tú u ní ọdún 2010, ọ̀nà tí ó sì gbà ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ó fi Notepad ṣí ètò náà, ó yẹ inú rẹ̀ wò láàárín àwọn àmì játijàti, ó ní, “Mà, ọ̀rọ̀ aṣínà yín rèé.” Ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í pamọ́, gbangba ni ó wà fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí yóò wò. Èyí tí ó tún burú ni pé orúkọ tí ètò náà fi ń wọlé ni root, ẹni tí ó lè pa gbogbo àká rẹ́. Àìdára yìí ni ó kó wọn yọ lọ́jọ́ náà, kò sì sọ ọ́ di ohun dáradára.

Ó wọlé. Òwú wà níbẹ̀, òfì wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ti di “k??k??”. Ìsẹ́yìn ti di “Ìs??yìn”.

Nígbà náà, Latin1 ni MySQL ń lò bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni a ṣe ìlànà lẹ́tà náà fún. Ó ní à, é, ì àti ú, nítorí náà ni òwú fi là á já. Kò ní ẹ, ọ, ṣ. Kò ní ɓ, ɗ, ƙ ti Hausa, kò sì ní ị àti ụ ti Ìgbò. Bí lẹ́tà tí kò mọ̀ bá dé, àmì ìbéèrè ni ó ń fi rọ́pò rẹ̀. Nínú Unicode, kò sí ẹ́ tàbí ẹ̀ tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan; ẹ ni a kọ, a sì fi àmì ohùn tẹ̀lé e, àmì náà pẹ̀lú sì di àmì ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ di àmì ìbéèrè márùn-ún. Ẹ̀ṣẹ́ náà di márùn-ún. Ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ mọ́. Olùkọ́ tí ó ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jà lórí àmì ohùn láti ìgbà èwe rẹ̀ jókòó síwájú èyí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí kọ̀ǹpútà kí ó rántí: àmì ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀, àmì ìbéèrè ni lóòótọ́.

Àgùnbánirọ̀ náà kọ ètò tuntun. Ó mú ìlà ìsopọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó fi í sínú fáìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí C# ti fi àyè gbà á. Ó fi bọ́tìnnì kan sí i tí a fi ń dán ìsopọ̀ wò kí a tó fi àdírẹ́sì tuntun pamọ́. Ó dá orúkọ mìíràn sílẹ̀ tí ó lè kà tí ó sì lè kọ, tí kò lè wó àká. Ó bo ọ̀rọ̀ aṣínà lójú pẹ̀lú ohun tí Windows pèsè, èyí tí ó ní ìyọnu tirẹ̀: bí a bá da fáìlì náà kọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kò ní ṣeé kà níbẹ̀. Nítorí náà ni olùkọ́ fi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí ó tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Utf8 ni ó kọ sí ìlà náà àti sí àká fúnra rẹ̀, nítorí pé bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣì wà ní Latin1, àmì ìbéèrè yóò tún padà wá. Lónìí, utf8mb4 ni à ń kọ, òun sì ni MySQL ń lò fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 8.0 ti ọdún 2018. Ẹ̀dà yìí náà ní tirẹ̀: bí a bá fi í sílẹ̀ bí ó ti wá, oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀, àfi bí a bá yan ìlànà ìfiwéra tí ń ka àmì sí.

Ẹ̀ṣẹ́ ni obìnrin náà kọ́kọ́ tẹ̀ sínú ètò tuntun. Ó pa á, ó tún un ṣí, ó wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni ó tẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bàjẹ́ sórí ìwé, ó sì mú wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó ń ka ìtumọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìbéèrè fún àwọn ahunṣọ, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀, ó ń kọ ọ́. Ìyá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì hun aṣọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀ ṣì wà nínú àká náà pẹ̀lú àmì ìbéèrè wọn, olùkọ́ náà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n rẹ́.