Ìrìn Wa sí Ifisin-Èkìtì: Èló Ni Ìsinmi Àgbà?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Èkìtì tí ó wà lókè òkun máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá pé jọ, ìbáà ṣe ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní Manchester tàbí ní Houston, kò sí èyí tí ó wọ́pọ̀ tó èyí: "Bí mo bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ilé ni mo ń lọ." Ọ̀rọ̀ rere ni. Àwọn baba wa ti wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan bá ń wí báyìí, ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bi í léèrè pé: èló ni ìsinmi náà yóò ná ọ, níbo sì ni owó náà yóò ti máa wá? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe mú ọ̀nà Ifisin-Èkìtì pọ̀n, kí a lè fi ojú ara wa wo irú ìlú tí àwọn àgbà wa ń fẹ́ padà sí, kí a sì ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní baba tàbí ìyá lẹ́yìn odi.

Adó-Èkìtì ni a ti gbéra, èyí tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì láti ìgbà tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996. A gba ọ̀nà Ìwòròkò, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, a sì dé Ìfàkì, níbi tí àwọn ọ̀nà ti pàdé: ẹni tí ó ń lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé yóò yà sí ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tí ó ń lọ sí ìhà Ìdó yóò sì yà sí tirẹ̀. Ìhà Ìdó ni àwa yà sí, nítorí pé abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì ni Ifisin wà. Òkè ń bẹ lápá ọ̀tún, igbó kòkó ń bẹ lápá òsì, ọ̀pẹ sì dúró káàkiri bí ẹ̀ṣọ́.

Ìlú àgbẹ̀ ni Ifisin, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú tí ó yí i ká. Iṣu, ẹ̀gẹ́, kòkó àti epo pupa ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn, iyán sì ni oúnjẹ tí a fi ń mọ̀ pé àlejò ti dé ilé ọmọ Èkìtì. Ariwo ọkọ̀ kò pọ̀. Bí àgbàlagbà bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹni tí ó ń lọ sí oko kò ní kọjá láìkí i, ọmọdé tí ó ń lọ sí ilé-ìwé yóò sì kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí ó ti gbé ọgbọ̀n ọdún nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí kò mọ orúkọ ẹni tí ń gbé lókè orí rẹ̀, ni ó lè sọ iye tí èyí níye lórí. A kì í fi owó rà á.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú àlejò kò lè ṣàìrí ní irú àwọn ìlú wọ̀nyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé àtijọ́ tí páànù wọn ti pọ́n, àwọn ilé tuntun wà tí a fi ọ̀dà tí ó dára kùn, tí a mọ odi yí ká, tí a sì fi àgádágodo ti ẹnu-ọ̀nà wọn. Ilé àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi ni. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni a máa ń ṣí àwọn mìíràn nínú wọn, kí a tó tún tì wọ́n pa. Olúkúlùkù ilé wọ̀nyí jẹ́ ìlérí pé onílé ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí yóò bá pàdé nígbà tí ó bá dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò bá pàdé dùn mọ́ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan kò ju nǹkan bí ₦560 lọ ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ owó. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú okùn ìdè náírà, nígbà tí ọdún 2024 yóò sì fi parí, pọ́n-ùn kan ti lé ní ₦1,900. Ní oṣù keje ọdún 2024 kan náà ni òfin sọ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní ₦70,000. Nítorí náà ẹni tí ń gba £67.50 lọ́sẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó lé ní ₦125,000 ní ìparí ọdún 2024, ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kan ju ohun tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ilé ní oṣù kan. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé ọlọ́rọ̀ ti dé?

Ẹ dúró ná. A kò ṣàdédé mú £67.50 yẹn. Iye yẹn ni ẹni tí ó pé iye ọdún iṣẹ́ ń gbà lọ́sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2000. Lọ́dọọdún ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó rẹ̀, kí ó lè bá iye owó ọjà mu. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gba £67.50 ní ọdún 2000 tí ó sì jókòó sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, £176.45 ni ó ń gbà lọ́sẹ̀ ní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀, tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan náà, tí ó san owó orí kan náà, tí ó sì padà sí Èkìtì ní ọdún 2000 yẹn, £67.50 ni ó ń gbà títí di òní. Owó tirẹ̀ ti di, bí omi ti í dì nínú òtútù.

Kí ni ó fa èyí? Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni pé orílẹ̀-èdè tí ó bá bá wọn ṣe àdéhùn nìkan ni wọn yóò máa fi àfikún ọdọọdún ránṣẹ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ̀yìn tì sí Spain tàbí Amẹ́ríkà, tàbí sí Jamaica àti Barbados pàápàá, yóò máa rí àfikún tirẹ̀ gbà. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún Kánádà, Australia, India àti South Africa. Àwọn mẹ́tàlá kan, tí Annette Carson tí ń gbé ní South Africa ṣáájú wọn, gbé ẹjọ́ yìí dé ilé ẹjọ́ ńlá ti ilẹ̀ Europe ní Strasbourg, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2010, ilé ẹjọ́ náà dá wọn lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí títí wọn yóò fi di ẹrù wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pariwo rẹ̀.

Owó tí kò lè dìde ni ó sì fẹ́ bá ọjà tí kò mọ ìjókòó rìn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ wí pé iye owó ọjà fi 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan kí a tó mú ìrànwọ́ ìjọba kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti súnmọ́ ₦1,000 ní ìparí ọdún 2024. Títí di ìparí ọdún 2024, wíwálẹ̀ náírà ni ó ń gba arúgbó tí owó rẹ̀ dì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí náírà bá dúró tí ọjà kò sì dúró, kí ni yóò gbà á?

Ẹ̀wẹ̀, àwọn ohun kan wà tí ẹni tí ó wà lókè òkun kò kà sí ìnáwó mọ́, nítorí pé wọ́n wà nígbà gbogbo bí afẹ́fẹ́. Ní abúlé, olúkúlùkù ni yóò ra tirẹ̀. Omi ni èkínní: onílé ni yóò gbẹ́ kànga, yóò ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, yóò sì gbé táǹkì kalẹ̀. Iná ni èkejì: nígbà tí iná ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni, epo rẹ̀ sì ti di ohun tí a sọ lókè yìí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi oòrùn tan iná, owó bátìrì yóò tún padà wá bá a lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni tí yóò ṣọ́ ilé, tí yóò sì bá arúgbó pọn omi, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwòsàn ni ẹ̀kẹta, òun ni ó sì wúwo jù. Ọlọ́run ṣeun fún àwọn ará Ifisin, nítorí pé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì nítòsí wọn, oríire tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Ṣùgbọ́n aláìsàn ni ó ń ra oògùn ara rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tí ó ti ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún pípẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò máa rà á lóṣooṣù títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti kó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá kò tún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ilé ìwòsàn wọn bí ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Bákan náà ni Medicare ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà: kì í san owó ìtọ́jú tí a gbà ní Nàìjíríà.

Ẹ̀kẹrin ni ẹbí, a sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Ọmọ àbúrò ń san owó ilé-ìwé, òkú ń bẹ láti sin, ìjọ ń tún òrùlé ṣe, ìlú ń dáwó ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí ó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé kò lè ṣaláìní. Kì í ṣe ojúkòkòrò ni gbogbo rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kan náà ni yóò gbé e lọ sí Ìdó ní òru bí àìsàn bá dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka ọwọ́ yìí mọ́ ìnáwó rẹ̀ yóò tètè di ẹni tí ń sá fún ẹbí tí ó tìtorí wọn wá sílé.

Kí a má baà dá ẹjọ́ sí apá kan, a kò sọ pé òkè òkun rọrùn fún arúgbó. Ní ilẹ̀ England, bí arúgbó bá nílò ilé ìtọ́jú, tí ohun ìní rẹ̀ sì ju £23,250 lọ, owó ara rẹ̀ ni yóò fi san án, ilé tí ó fi ogójì ọdún ra sì lè bá a lọ. Òtútù ń bẹ níbẹ̀, ìdáwà sì ń bẹ. Nítorí náà kì í ṣe pé kí wọn má bọ̀ ni a ń wí. Bí wọn yóò ti bọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa.

Ìran wa ti rí ìpadàbọ̀ tí kò ní ìmúrasílẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó fi ọjà àti ilé sílẹ̀, tí wọ́n sì padà pẹ̀lú ohun tí orí wọn lè rù. Àwọn wọ̀nyí kò ní ààyè láti ṣírò ohunkóhun. Ẹni tí ń ti òkè òkun bọ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ lónìí ní ààyè, kò sì ní àwíjàre bí kò bá lò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, a fẹ́ dá àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí. Kí ẹni tí ń bọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì iye tí yóò máa gbà, kí ó sì fi í ṣírò bí ẹni pé kò ní pọ̀ sí i láé. Kí ó mọ̀ pé bí ó bá padà lọ gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó náà yóò tún bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Kí ó má ṣe tètè sun afárá tí ó gbà wá. Kí ó wá gbé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà wò, ní àkókò òjò, kì í ṣe ní Kérésìmesì nìkan. Kí ó kọ iye oògùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kọ iye bíríkì. Kí ilé náà kéré, kí owó tí ó kù sì pọ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ ti fi ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ pa òwe fún wa. Kò bá a wí nítorí pé ó fẹ́ kọ́lé, bí kò ṣe nítorí pé kò jókòó ṣírò.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má ṣe rò pé bí baba bá ti dé ilé, ẹrù ti kúrò lọ́rùn yín. Iye tí owó rẹ̀ fi dín lọ́dọọdún, ẹ̀yin ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì ṣe é kí ó tó béèrè, nítorí pé ojú máa ń ti àgbà láti béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilẹ̀ Ifisin ṣì tutù, ó sì ń dúró de àwọn ọmọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọn padà dé ní àlàáfíà, kí wọn sì ní èyí tí wọn yóò máa jẹ títí alẹ́.