Iyanrìn Dúdú Inú Gọ́tà

Òjò ńlá rọ̀ ní àdúgbò wa, Dàda Estate ní Òṣogbo. Nígbà tí ó dá, ọmọ ilé-ìwé kan bu iyanrìn dúdú láti inú gọ́tà, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, kí ni èyí?” A yára dáhùn pé èérún èédú ni, kí ó lọ dà á nù.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ọkàn wa kò balẹ̀. A fi bébà wé irin òòfà, a sì fi í sún mọ́ iyanrìn tí ó kù nínú gọ́tà. Kíá ni ẹyọ dúdú wọ̀nyí lẹ̀ mọ́ ọn. Òkúta irin ni!

Orí àpáta àtijọ́ ni Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà, èyí tí ooru àti ìwúwo inú ilẹ̀ ti yí padà. Ẹyọ òkúta irin, tí a ń pè ní mágínẹ́táìtì, fọ́n ká sínú wọn. Bí òjò àti oòrùn ti ń jẹ àpáta, ẹyọ wọ̀nyí a já bọ́. Nítorí pé wọ́n wúwo, omi a gbé iyanrìn funfun lọ, a sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ní Ìtakpẹ́, nítòsí Òkènè, irin kó jọ ní ìpele ìpele láàárín àpáta: nínú ìwọ̀n 100 òkúta náà, bí 36 ni irin. Ọ̀pọ̀ irú ìpele bẹ́ẹ̀ ní ayé, ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó lé ní 1,800,000,000 ọdún sẹ́yìn. Irin inú omi pàdé afẹ́fẹ́ tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké ń mí jáde. Ó dípẹtà, ó sì rì.

Gọ́tà wa kò lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní Ìsúndúnrin, nítòsí Èjìgbò, yọ́ irin láti inú òkúta nítorí pé wọ́n wo ilẹ̀ wọn dáadáa. Àwa kò wò ó rárá kí a tó dáhùn.

Ní òwúrọ̀ a sọ níwájú kíláàsì pé a ṣìnà. Ọmọ náà ní òun ti dà á nù, gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. A fi irin òòfà lé e lọ́wọ́, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀bá gọ́tà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdáhùn wa ṣi ọmọ lọ́nà.