Òdòdó Lórí Yanrìn: Láti Lekki Dé Ajah

Ẹni tí ó bá ti Victoria Island wọ ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mọ́tò, kò ní ṣàì rí àwọn olódòdó ẹ̀bá títì. Wọn a to igi òdòdó lọ rẹrẹẹrẹ, òmíràn nínú ọ̀rá dúdú, òmíràn nínú ìkòkò amọ̀, òmíràn nínú ike tí a ti lo ọ̀dà inú rẹ̀ tán. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá mọ́tò dúró, àwọn èrò a máa nawọ́ sí wọn, wọn a sì máa béèrè iye. Nínú gbogbo ọjà tí à ń rí ní ọ̀nà yìí, èyí ni ó tuni lójú jù lọ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti kọ́lé sí Ikate, Ikota, Badore, Langbasa àti Sangotedo. Nígbà tí ilé bá parí, tí a sì ti fi ẹnu ọ̀nà tì, ìyàwó ilé a fẹ́ kí òdòdó wà níwájú ilé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ń gbé London àti Manchester a máa fi fọ́tò òdòdó kan ránṣẹ́ sílé ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà. Peony ni orúkọ rẹ̀. Ó lè tóbi tó àwo ọbẹ̀, ó kún dẹ́dẹ́, òórùn dídùn sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará China fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ìlú Luoyang ní oṣù Kẹrin. Bí a bá gbìn ín síbi tí ó bá a lára mu, ó lè lo 50 ọdún lójú kan náà. Ìyá tí ó bá rí fọ́tò yìí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó fi gbòǹgbò rẹ̀ sínú àpótí bọ̀ nígbà Kérésìmesì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́nà kìíní, òfin kò gbà kí a kó gbòǹgbò tàbí irúgbìn wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń bójú tó o, nítorí àrùn àti kòkòrò. Lọ́nà kejì, òtútù ni ó ń mú peony tanná. Ní ìgbà òtútù, ewé rẹ̀ a kú, gbòǹgbò rẹ̀ a sì sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nínú òtútù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ omi di yìnyín. Òtútù yẹn ni ó ń jí i láti rúdí. Òru Lekki kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ, kódà nínú ọyẹ́. Gbòǹgbò náà kò ní rí oorun sùn, òjò oṣù Kẹfà yóò sì mú un jẹrà. Kí ẹni tí ó wà ní London gbìn ín síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá, kí ó má sì rì í jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, nítorí bí ó bá jìn jù, ewé nìkan ni yóò máa rí.

Kí ni ó wá bá ilẹ̀ tiwa mu? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Ọ̀sà wà ní òkè rẹ̀, òkun wà ní ìsàlẹ̀, yanrìn sì ni gbogbo àárín. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì, irà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fa yanrìn inú ọ̀sà dí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ilẹ̀ náà ti rí kí ilé tó kún un, kí ó yà sí Lekki Conservation Centre tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni, igbó àti irà, pẹ̀lú ọ̀bọ, àti afárá òkè igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ewé tí ń já tí ó sì ń jẹrà ni ó ń bọ́ àwọn igi ibẹ̀. Yanrìn tí a fà láti inú ọ̀sà kò ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ nínú. Omi tí a bá dà sí i ní àárọ̀ ti lọ kí ó tó di ọ̀sán.

Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀, ẹ kó yanrìn rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa dí i. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí èèpo àgbọn bo ìdí rẹ̀. Oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni ó dára jù láti gbìn. Ẹ tọ́ omi bọ́ọ̀hóòlù yín wò pẹ̀lú: bí ó bá níyọ̀, etí ewé yóò máa gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Ẹ gbe omi òjò sínú ike.

Ixora ni ọ̀pọ̀ ń rà, òun náà ni ó sì ń dààmú wọn jù. Ewé rẹ̀ a pọ́n, iṣan ewé nìkan ni yóò ṣẹ́kù ní tútù, wọn a sì máa bu àjílẹ̀ sí i lásán. Sìmẹ́ńtì ni ó fà á. Àwọn bíríkọlà ti da àfọ́kù àti sìmẹ́ńtì sí ìdí fẹ́ǹsì, èyí kò sì jẹ́ kí igi náà rí irin inú ilẹ̀ fà mu. Ẹ kó àfọ́kù náà dànù, tàbí kí ẹ gbìn ín jìnnà sí fẹ́ǹsì. Bougainvillea kò nira tó bẹ́ẹ̀. Brazil ni àwọn ará Faransé ti rí i ní 1767, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá wọn pè é. Ohun pupa ara rẹ̀ tí à ń pè ní òdòdó, ewé ni. Òdòdó gan-an ni nǹkan funfun kékeré tí ó wà láàárín. Oòrùn ni ó fẹ́. Ẹni tí ó bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́ yóò rí ewé, kò ní rí àwọ̀.

Àwọn ará kan kì í gbin akòko tàbí pẹ̀rẹ́gún nítorí pé wọ́n ń fi wọ́n joyè, wọ́n sì ń fi wọ́n bọ òrìṣà. Lójú tèmi, Ọlọ́run ni ó dá igi. Akòko a máa yọ òdòdó aláwọ̀ osùn tí ó lẹ́wà, kò sì sí ohun tí ó rọrùn bí pẹ̀rẹ́gún láti fi ṣe ààlà. Èyí tí mo bẹ̀rù ni oleander, tí àwọn olódòdó ń tà fún ẹwà rẹ̀. Ewé rẹ̀, igi rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ lóró débi pé ó lè pa ọmọdé. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ má rà á.

Ohun kan tún wà tí mo rí ní Badore àti Langbasa: bíríkì íńtálọ́ọ̀kì láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, omi kò ríbi wọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì ya sí ilé aládùúgbò. Bí ẹ bá yọ bíríkì ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ààyè òdòdó ti dé, omi náà sì ti ríbi gbà.

Fún ẹni tí kò lówó rárá, ẹ bèèrè èso tannápòṣó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní in. Ó dúdú róbótó bí ata ìyèré. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi í sẹ́nu. Ó ń hù nínú yanrìn pẹ̀lú ilẹ̀dú díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń tanná, ní àkókò tí àwọn tí ó lọ síṣẹ́ ní Island ń sọ̀kalẹ̀ ní Ajah.