Ta Ló La Ọ̀nà Dé Navi Mumbai?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Navi Mumbai láti àárín ìlú Mumbai, ní Íńdíà, ọkọ̀ ojú irin ló rọrùn jù. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní CSMT, kí ẹ béèrè ọ̀nà Harbour Line. Tó bá jẹ́ ìyá àti ọmọbìnrin ló jọ ń lọ, ẹ wá apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. Ilé ni ẹ ó máa rí ṣáá títí ẹ ó fi kọjá Mankhurd, lẹ́yìn náà omi á ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀sà Thane nìyẹn. Ọkọ̀ á gba orí afárá sọdá sí Vashi. Tẹ́ ẹ bá dé Nerul, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Pápá ìṣeré DY Patil ò jìnnà síbẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ flamingo, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, máa ń wá jẹun nínú ẹrẹ̀ ọ̀sà yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Navi Mumbai ní ìlú flamingo. Ẹ wá wo nǹkan: orúkọ tí wọ́n ń pe ikọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn ò ju ọdún 17 lọ náà nìyẹn, Flamingos! Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn Flamingos tiwa dé sí ìlú flamingo.

Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ló gbé wọn lọ. Ikọ̀ 16 ló wá, ìlú mẹ́ta ló gbà wọ́n lálejò: Bhubaneswar, Margao ní ìpínlẹ̀ Goa, àti Navi Mumbai. Jámánì ló kọ́kọ́ na àwọn ọmọ wa, 2-1. Wọ́n gbọn eruku nù, wọ́n na New Zealand 4-0, wọ́n na Chile 2-1. Lọ́jọ́ 21, ní DY Patil, wọ́n bá Amẹ́ríkà ta ọ̀mì 1-1, ló bá di pẹnáritì. Faith Omílànà ló ń ṣọ́lé. Nàìjíríà borí, 4-3. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Flamingos máa wà lára ikọ̀ mẹ́rin tó kù nínú ìdíje náà. Ní Margao, Kòlóńbíà já wọn kulẹ̀, pẹnáritì náà ni, 6-5. Lọ́jọ́ 30, wọ́n padà sí Navi Mumbai láti bá Jámánì du ipò kẹta. Góòlù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbá wọlé. Jámánì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ta ni ẹ̀rù ò ní bà? Àmọ́ nígbà tí pẹnáritì parí, 3-2 ni, àwọn ọmọ wa ló gba bàbà.

Ẹ ka orúkọ wọn fún àwọn ọmọ yín. Omílànà: omi ló la ọ̀nà. Ajàkáyé, orúkọ ìdílé Ọpẹ́yẹmí tó wà nínú ikọ̀ náà: ẹni tó jà káàkiri ayé. Olówóòkéré, orúkọ ìdílé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Bánkọ́lé: olówó kì í ṣe ẹni kékeré. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ló wà níbẹ̀ o. Etim wà níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ń tijú nígbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ ẹ̀ ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wọ ìtàn Ife Àgbáyé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà lílà yìí kì í wá ṣe ti orúkọ nìkan. Ní Bhubaneswar, lápá ìlà-oòrùn, ni Íńdíà tó gbàlejò ti gbá bọ́ọ̀lù tiẹ̀. Amẹ́ríkà na wọ́n 8-0, Mòrókò 3-0, Bràsíl 5-0. Ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù wọn, Astam Oraon, wá láti abúlé kan ní àgbègbè Gumla, ní ìpínlẹ̀ Jharkhand. Nígbà tí orúkọ ẹ̀ jáde, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe títì lọ sí abúlé wọn. Ṣé ẹ mọ àwọn tó wà lára lébìrà tó ń ṣe títì náà? Bàbá àti ìyá ẹ̀ ni. Ọmọ ló mú kí títì wá, òbí ń fi ọwọ́ ara wọn là á.

Ọ̀nà ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ pẹ́ jù kó tó là. Ọdún 2020 gan-an ló yẹ kí Íńdíà gbàlejò ìdíje yìí. Àrùn Kòrónà dé, wọ́n sún un sí 2021, nígbà tó yá wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí Íńdíà kúkú gba ti 2022. Lójú àgbàlagbà, ọdún méjì ò jẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bí láti 2005 síwájú nìkan ló lè gbá ti 2022. Àwọn ọmọ 2003 àti 2004 tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ ti dàgbà jù. Ìdíje dé, àsìkò tiwọn ti lọ. Àní nínú oṣù kẹjọ ọdún 2022, FIFA tún gbẹ́sẹ̀ lé àjọ bọ́ọ̀lù Íńdíà nítorí ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa darí ẹ̀. Wọn ò gbẹ́sẹ̀ kúrò títí oṣù náà fi fẹ́ẹ̀ parí, ìdíje sì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ààbọ̀. Bí àgbà bá ń fa ọ̀rọ̀, ọjọ́ orí ọmọ ò ní dúró dè wọ́n.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan àwa òbí. “Tó o bá ṣe ìdánwò tán.” “Ó di ọdún tó ń bọ̀.” Ta ni kì í sọ ọ́ nínú wa, pàápàá fún ọmọbìnrin? Èdè Yorùbá tá à ń sọ pé a máa kọ́ wọn náà wà nínú ọdún tó ń bọ̀ yẹn. Láti 2025, ọdọọdún ni wọ́n ti ń gbá Ife yìí, ikọ̀ 24 sì ni. Àyè ti pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lọmọ máa ń pé ọdún 16.

Tẹ́ ẹ bá ráyè dé Navi Mumbai, ẹ lọ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, kí ẹ lè bá àwọn ẹyẹ náà níbẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí omi ọ̀sà máa fà, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Tówó ọkọ̀ òfuurufú ò bá tíì sí, pápá kan wà ládùúgbò yín tí ọmọ yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lálẹ́ òní, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí eré tó kàn bọ́ sí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.