Christopher Okigbo: Akéwì Ìbàdàn Tó Kú Sójú Ogun Bìáfúrà

Ẹ̀gbẹ́ Nsukka ni Christopher Okigbo kú sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, pẹ̀lú aṣọ ológun Bìáfúrà lọ́rùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 35 ni. Ọmọ Ojoto ni, nítòsí Onitsha, tíṣà Kátólíìkì sì ni bàbá rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ Yorùbá ló ti di akéwì, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ń sọ ìtàn ikú rẹ̀ máa ń fò kọjá.

Ọdún 1950 ló wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Iṣẹ́ dókítà ló kọ́kọ́ fẹ́ kọ́, kó tó yà sí ìmọ̀ Látìn àti Gíríìkì. Nígbà tó jáde, kò rí iṣẹ́ tó bá a lára mu títí ó fi di tíṣà Látìn ní Fiditi Grammar School, lọ́nà Ọ̀yọ́, ní 1958. Fiditi yìí ló ti gbájú mọ́ ewì. Ó lo ìgbà díẹ̀ ní yàrá ìkàwé yunifásítì Nsukka, ó sì tún padà sí Ìbàdàn láti máa ṣojú fún Cambridge University Press.

Ẹgbẹ́ Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, ti wà ní Ìbàdàn nígbà náà. Ulli Beier, ọmọ Jámánì, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1961. Ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì kan nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n sọ di ibi eré, ibi àwòrán àti ilé ìwé kíkà. Ibẹ̀ ni Okigbo ti bá àwọn òǹkọ̀wé bíi Soyinka, Achebe àti J.P. Clark ṣe pọ̀, Mbari ló sì tẹ ìwé ewì rẹ̀ méjì, Heavensgate ní 1962 àti Limits ní 1964. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí akéwì W.B. Yeats ní 1965, bí a ti ń ki ọba ní oríkì Yorùbá ló ṣe ki òyìnbó náà.

Wọ́n fún un lẹ́bùn ewì ní àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní Dakar ní 1966. Ó kọ̀ ọ́, ó ní iṣẹ́ ọnà kò ní àwọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Íbò, ẹ̀yà Okigbo, ní Òkè Ọya. Okigbo lọ sí Enugu, òun àti Achebe dá ilé ìtẹ̀wé Citadel sílẹ̀. Ogun láàárín Nàìjíríà àti Bìáfúrà, ilẹ̀ Íbò tó yapa, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967, ó sì gbé ìbọn, ó di mejọ̀.

Inú mọ́tò, lójú ọ̀nà Ogidi, ni Achebe ti gbọ́ ikú rẹ̀ lórí rédíò. Nígbà tó sọ fún àwọn ará ilé, ọmọ rẹ̀ kékeré ní kí bàbá òun má jẹ́ kó kú.

Ní 1971, Ali Mazrui kọ ìwé ìtàn àròsọ kan tó fi gbé Okigbo lọ sílé ẹjọ́ lọ́run, pé ó fi ẹ̀yà ṣíwájú ewì. Ẹjọ́ náà le jù. Ẹni tí wọ́n ń pa àwọn ará ilé rẹ̀ kò ráyè yan èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Ọdún yẹn náà ni àkójọ ewì rẹ̀, Labyrinths, jáde. Ní 2007, UNESCO fi àwọn ìwé tó kọ sílẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ Ìrántí Ayé, àwọn ewì tó fi èdè Íbò kọ sì wà lára wọn.