Arò Ẹ̀wù Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iyì aṣọ tí a fọwọ́ rán, ẹ bá mi dárò. Ẹ̀wù kan ti lọ, ó lọ tòun tọwọ́ tó rán an. Smock ni wọ́n ń pè é, ẹ̀wù iṣẹ́ tí àgbẹ̀, darandaran àti àwọn tó ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ń wọ̀ ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kejìdínlógún títí ogúnlọ́gọ̀ wọn fi sọ ọ́ sílẹ̀, tí àwọn arúgbó díẹ̀ nìkan sì kù tó ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ tàbí òwú tó ki ni wọ́n fi ń rán an. Onígun mẹ́rin ni wọ́n ń gé ara rẹ̀, apá rẹ̀ àti kọ́là rẹ̀, tó fi jẹ́ pé agbára káká ni ègé kan fi ń ṣòfò nílẹ̀. Níbi àyà, ẹ̀yìn àti apá, obìnrin á fi abẹ́rẹ́ kó aṣọ fífẹ̀ náà jọ ní ìṣẹ́po tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, á wá fi òwú ṣe ọnà lé e lórí, títí ẹ̀wù á fi mọ bí a ti ń fà àti bí a ti ń súnkì bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó ń nàró. Òmíràn kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bí ojú kan bá dọ̀tí, ẹni tó ni ín á yí i padà, iṣẹ́ á máa lọ. Àwọn kan ń fi òróró pa tiwọn kí òjò má baà wọlé. Ti ọjọ́ ìsinmi sábà máa ń funfun. Òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà sì ni àwọn tó gbé pósí ń wọ̀ ní àwọn abúlé kan nígbà tí wọ́n bá ń sin ẹgbẹ́ wọn.

Ní Haverhill ní Suffolk, àti ní Newark lẹ́bàá odò Trent, rírán rẹ̀ di òwò ńlá. Ilé iṣẹ́ á gé aṣọ, obìnrin á gbé e lọ sílé, á rán an fún owó táṣẹ́rẹ́.

Ikú tó pa ẹ̀wù yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ìpakà dé oko, ẹ̀wù fífẹ̀ sì di ewu létí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń yí. Rélùwéè kó ẹ̀wù olówó pọ́ọ́kú dé láti ìlú ńlá. Láti nǹkan bí ọdún 1870 lọ, ọkà òkè òkun já owó ọkà ilé wálẹ̀, oko dà rú, àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ sígboro, níbi tí ẹ̀wù bàbá wọn ti di ohun ìfiṣẹ̀sín. Òǹkọ̀wé Thomas Hardy kọ ọ́ ní 1883 nípa ọjà ìgbanisíṣẹ́ Dorset pé èrò tó ti máa ń funfun láwọ̀ ẹ̀wù iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di èrò dúdú, ó sì ti ṣòro láti fi aṣọ dá darandaran mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi koríko bo ilé. Nígbà tí Gertrude Jekyll fi máa tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1904 nípa ìgbé ayé àtijọ́ ní Surrey, ohun tó ń lọ ló ń kọ sílẹ̀.

Díẹ̀ ṣẹ́ kù. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìgbèríko tó wà ní Reading ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣọ̀fọ̀: púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ èyí tí wọ́n ṣìkẹ́, èyí tí wọ́n ń ká pa mọ́ di ọjọ́ ìsinmi. Èyí tó wọ oko, tí òógùn gbẹ mọ́ lára, tí ẹ̀gún ya, tí wọ́n lẹ̀ títí àlẹ̀ fi ju aṣọ lọ, ìyẹn di àkísà, ó di ìnulẹ̀, ó lọ. Èyí tó sinmi ló kù; èyí tó ṣiṣẹ́ ló lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó rán an. Nílẹ̀ wa, a kì í dárò òkú láìpe orúkọ rẹ̀, láìkì í. Kí la fẹ́ pe àwọn obìnrin Haverhill àti Newark, àwọn tó ka ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan kí abẹ́rẹ́ má baà ṣìnà, nígbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ni orúkọ, ẹni tó rà á ló ni ẹ̀wù, tí àwọn kò sì ní ju owó ọwọ́ lọ? Àwọn gan-an ni mo ń dárò. Ẹni tó bá dúró níwájú smock kan ní Reading, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó rán an kó tó béèrè ẹni tó wọ̀ ọ́.