Ta Ni Ó Ṣe Dùùrù Wa?

Ọ̀dà ti bo orúkọ olùṣe dùùrù inú gbọ̀ngàn wa, àwọn kan sì ní ohun tí kò lórúkọ kò yàtọ̀ sí igi ìdáná.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀; a ṣí i wò. A bá orúkọ Herrburger Brooks níbi àwọn òòlù tí ń lu okùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yìí a máa ṣe òòlù fún ọ̀pọ̀ olùṣe dùùrù nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tí ó rọ ìṣó kọ́ ni ó kọ́lé. Síbẹ̀, ẹ̀rí ni: ọdún 1920 ni Herrburger ti Paris àti Brooks ti London para pọ̀. Bí a kò bá pààrọ̀ òòlù náà rí, a kò ṣe dùùrù yìí ṣáájú ìgbà náà. Nọ́ńbà wà lára irin rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà láìsí orúkọ olùṣe kò lè sọ ọdún.

Ẹni tí ó bá ní àwòrán ẹgbẹ́ akọrin àtijọ́, tí iwájú dùùrù hàn nínú rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Kò yẹ kí ohun tí a fi kọ́ wa ní orin ìyìn lọ láìlórúkọ.